Ṣájà tó ń kágò kó tó wọlé

1. Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi mí nínú DM pé kí ni àpótí dúdú tí mo gbé fọ́tò rẹ̀ síbí lọ́jọ́sí. Adapter ni. Èmi ni mo ṣe é. Ó lè gbé 12 volt jáde, ó lè gbé 19 jáde, ó lè gbé 20 jáde, ó sì lè ru 100 watt láti àárọ̀ di alẹ́ láì mí gúlegúle. Ẹ fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

2. Fún ẹni tí kò mọ̀ mí: mo ní tábìlì kan níbí ní Ọ̀wọ̀, fóònù àti laptop ni mò ń tún ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Rufus Giwa Poly pọ̀ nínú oníbàárà mi. Àwọn tó kù ń wá láti Ifọ̀n, Ìdóàní, Ìmẹ́rì, gbogbo apá Ọ̀sẹ́ lọ́hùn-ún. Ohun tó sì ń gbé wọn wá jù kì í ṣe laptop fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣájà ni.

3. Ìdí ni pé volt tí kálukú wọn ń jẹ ò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ HP àtijọ́, 18.5 ni. HP tó dé lẹ́yìn wọn àti Dell, 19.5. Acer àti Toshiba, 19. Lenovo, 20. Router àti dikódà, 12. Ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ náà ò jọra. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa gba project láàárọ̀ ọ̀la, kò sẹ́ni tó ráyè wọn ìtẹ́. Ṣájà ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n á lọ yá.

4. Òun ló jẹ́ kí ṣájà "universal" máa tà bí àkàrà. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Kinní pẹlẹbẹ kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì: 12, 15, 16, 18.5, 19, 20, 24. Wọ́n á fún ẹ ní orí bíi mẹ́jọ nínú ọ̀rá kékeré, o máa mú èyí tó bá wọ ihò laptop rẹ. Owó rẹ̀ ò pọ̀, ó sì dára lójú.

5. Obìnrin kan wà ní Ifọ̀n tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Ó ń tẹ ìwé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó ń ya fọ́tò passport, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ tẹ ìwé ìpàdé. Màmá ni mò ń pè é. Irú ṣájà yẹn ló ń lò. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kékeré tó máa ń bá a tún ṣọ́ọ̀bù ṣe fi aṣọ nu tábìlì. Aṣọ yẹn ló ti kinní náà láti 19 lọ sí 24. Kò sẹ́ni tó rí i. Màmá dé, ó ki ṣájà bọ laptop, ó gbọ́ "tá!" Ó tán.

6. Wọ́n gbé e wá bá mi. Mo ṣí i. Ibi tí iná ti ń wọlé ti jóná, ó sì ti kó èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Hard disk ò kú, a dúpẹ́, torí iṣẹ́ àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pátákó inú rẹ̀ ti lọ pátápátá. Laptop yẹn ni wọ́n fi ń jẹun. Màmá ò bá ọmọ náà jà. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ bá a jà sí? Aṣọ ló fi nu tábìlì, iṣẹ́ tí mo rán an nìyẹn."

7. Ó wá kọjú sí mi. "Ọmọ mi, ṣé ìwọ ò lè ṣe ọ̀kan tí ọmọdé ò ní lè sún?" Mo ní, "Màmá, ẹ fún mi lóṣù kan." Ó ní kí n má gbàgbé pé iná NÉPÀ tiwọn kì í lágbára lálẹ́, àti pé bátìrì sólà méjì wà nílẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn: "tí ọmọdé ò ní lè sún." Òun ni gbogbo iṣẹ́ yìí.

8. Torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tó le nínú adapter tó ń pààrọ̀ volt ni pípààrọ̀ yẹn. Rárá o. Pípààrọ̀ ò le. Ọdún 1976 ni Bob Dobkin ti ṣe chip LM317 ní National Semiconductor ní Amẹ́ríkà. Resistor méjì péré lo máa so mọ́ ọn, ìṣirò rẹ̀ ò ju báyìí lọ: volt tó ń jáde = 1.25 × (1 + R2 ÷ R1). Yí R2, volt á yí. Akẹ́kọ̀ọ́ ND1 lè jó o pọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ohun tó le ni kí volt dúró síbi tí o fi í sí, kí àpótí náà má sì jóná níbi tó ti ń dúró.

9. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí jíjóná. LM317 ò lè ru ju amp 1.5 lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà, LM338, òun lè ru amp 5. Ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni àwọn méjèèjì ń hù: volt tí o ò bá lò, wọ́n á sun ún dànù. Ká ní 24 volt ló wọlé, 12 lo fẹ́, ohun tí o so mọ́ ọn sì ń mu amp 5. Èyí tó ṣẹ́kù jẹ́ 12 volt. 12 × 5, 60 watt ni chip yẹn máa fi ṣe ooru. Ayọ́ọ̀nù tí mo fi ń jó òjé lórí tábìlì mi, 60 watt ni. Ẹ wá fi ayọ́ọ̀nù tó ń jó sínú àpótí, kí ẹ pa á dé.

10. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé tí o bá gbé e lọ sí 19.5, ooru ń dín kù ni: 4.5 × 5, 22.5 watt. Bí o ṣe ń rẹ volt sílẹ̀ ló ń gbóná sí i. Èèyàn á rò pé ó ń sinmi, kò mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń pọ̀. Àbí kí la fẹ́ pè é? Ẹni tó ra gàrí kóńgò méjì, tó da ọ̀kan sílẹ̀ kó tó lè tẹ ẹ̀bà ọ̀kan. Fún ẹni tó ń lo bátìrì sólà, òfò gidi nìyẹn.

11. Nítorí náà mo lo irú kejì, èyí tí kì í sun nǹkan. Chip XL4016 ni mo mú. Ó ń ṣí iná, ó ń ti iná, ìgbà 180,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹni tó ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi tó sì ń tì í kíákíá, kí omi lè máa jáde níwọ̀nba. Waya tí wọ́n ká mọ́ òrùka á tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀, capacitor á mú kó dúró jẹ́ẹ́. Ohun tó ń sọnù ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Wọ́n ní ó lè ru amp 8. Èmi ò jẹ́ kó kọjá 6. Irin tútù ara kọ̀ǹpútà tó ti kú àti fáànù kékeré kan ti tó o.

12. Ó wá ku ibi tí 24 volt náà máa ti wá. Ẹlòmíì á ní kí n ra tiransifọ́mà onírin, 240 sí 24, ó lágbára, kì í tètè bàjẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo gbé mítà lọ sí Ifọ̀n lálẹ́ ọjọ́ kan, mo wọn iná ní ṣọ́ọ̀bù màmá: 148 volt. Gílóòbù pupa bí ẹyin iná. Nílẹ̀ yìí, 230 ló yẹ kó jẹ́.

13. Ẹ bá mi ṣírò ó. Tí 148 bá wọ tiransifọ́mà yẹn, 14.8 ló máa jáde. Lẹ́yìn tí a bá sọ ọ́ di DC tán, góńgó rẹ̀ ò ní ju nǹkan bí 19.5 lọ, ìyẹn kí ẹrù tó wá sórí rẹ̀ rárá. Níbo la ti fẹ́ rí 20 fún Lenovo? Chip tí mo mú yìí kì í ṣe babaláwo. Ó lè rẹ volt sílẹ̀, kò lè gbé e ga.

14. Ohun tí mo lò ni power supply tí wọ́n ti ṣe tán, tó ń gba láti 100 dé 240, tó sì ń gbé 24 jáde. Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá fẹ́ rà á: àwọn kan wà tó jẹ́ ìwọ lo máa fi ọwọ́ yan 110 tàbí 220 lára rẹ̀. Ẹ má ra ìyẹn fún irú iná tiwa. Bátìrì sólà méjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo so wọ́n tẹ̀lé ara wọn kó di 24, mo wá gba ojú diode mú un bá ti NÉPÀ pàdé. Nínú àwọn méjèèjì, èyí tí volt rẹ̀ bá ga jù ló ń ru ẹrù. Tí NÉPÀ bá lọ, laptop ò tiẹ̀ ní mọ̀.

15. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o. Ẹ má torí thread mi lọ ṣí ibi tí iná NÉPÀ ti ń wọ power supply. Capacitor ńlá tó wà níbẹ̀ lè di nǹkan bí 325 volt mú, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Kì í ṣe eré. Ìdí tí mo fi ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán nìyẹn. Látorí 24 volt síwájú ni iṣẹ́ tèmi.

16. Ó wá kan gbólóhùn màmá. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń lò láti fi pààrọ̀ volt ni nọ́ọ̀bù tí wọ́n ń yí. Inú nọ́ọ̀bù yẹn, irin tín-ín-rín kan ló ń rìn lórí resistor. Ẹ mọ eruku pupa ojú ọ̀nà wa, ẹ mọ ọyẹ́. Tí eruku bá wọ ibẹ̀, irin yẹn lè má fara kan nǹkan kan fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá jẹ́ R2 ló wà níbẹ̀, bí ìwé ṣe máa ń yà á, ẹ padà lọ wo ìṣirò tó wà ní nọ́ńbà 8: R2 á di ohun tí kò lópin, volt á fò lọ sókè pátápátá. Eruku lásán á ṣe ohun tí aṣọ ìnutábìlì ṣe.

17. Ni mo bá dojú ẹ̀ rú. Mo fi R2 síbì kan, 15 kiloohm, kò ní yí láéláé. R1 ni mo ń pààrọ̀. Mo kọ́kọ́ jó R1 tó máa fún wa ní 12 volt mọ́lẹ̀, nǹkan bí 1,744 ohm. Tí mo bá fẹ́ 19.5, mo fi resistor nǹkan bí 2,500 ohm mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ 20, nǹkan bí 2,344. Kí ni èrè rẹ̀? Tí waya bá já, tí eruku bá wọlé, tí ìpata bá jẹ ẹ́, resistor kejì ló máa kúrò, volt á sì padà sí 12. Laptop ò ní gba iná, ìyẹn nìkan ni. Nǹkan tó bá máa bàjẹ́, kó bàjẹ́ sísàlẹ̀.

18. Ṣùgbọ́n ọmọdé ṣì lè yí i, àbí? Mo rò ó fún ọjọ́ bíi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo yọ nọ́ọ̀bù dànù. Kò sí nọ́ọ̀bù lára àpótí yẹn, ẹ wo fọ́tò náà dáadáa. Inú okùn ni mo fi resistor kejì sí. Okùn laptop kọ̀ọ̀kan ní orí onírin mẹ́rin tó ń wọ àpótí: méjì ń gbé iná, méjì ń gbé resistor. Okùn Lenovo ló mọ̀ pé 20 ni òun fẹ́. Okùn HP ló mọ̀ pé 19.5 ni òun fẹ́. O ki okùn bọ̀ ọ́, okùn á sọ fún àpótí. Ẹni tó ń nu tábìlì ò rí ohunkóhun tì.

19. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ronú báyìí o. USB-C tó wà lára àwọn laptop tuntun ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí o bá ki ṣájà rẹ̀ bọ laptop, 5 volt péré ló máa kọ́kọ́ gbé wá. Àwọn méjèèjì á sọ̀rọ̀. Laptop á béèrè 20, ṣájà á ní òun ní in, kó tó gbé e gòkè. Ní 2021, wọ́n sún òpin agbára rẹ̀ láti 100 watt dé 240. Ẹ wò ó, àwa ti mọ èyí tipẹ́. Àlejò tó gbẹ̀kọ́ kì í já wọlé. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Àgò onílé o!" Ó dìgbà tí wọ́n bá ní "Àgò yà" kó tó gbé ẹsẹ̀. Ṣájà onítìtì ti màmá, já ló ń já wọlé.

20. Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí USB-C ti dé, kí la tún ń ṣe èyí sí?" Lóòótọ́ ni. Nílẹ̀ Yúróòpù, òfin ti sọ pé láti 28 oṣù Kejìlá 2024 ni fóònù tuntun gbọ́dọ̀ máa lo USB-C, laptop láti 28 oṣù Kẹrin 2026. Ṣùgbọ́n irú laptop wo ló ń dé Ọ̀wọ̀ àti Ifọ̀n? Èyí tí wọ́n ti lò lọ́hùn-ún tì ni. Bí wọ́n ṣe ń kó USB-C wọlé níbẹ̀, tàwọn elẹ́nu róbótó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. A ṣì máa wà pẹ̀lú wọn fún ọdún púpọ̀.

21. Ẹ̀ṣọ́ kan ṣì kù. Ká ní waya méjì fara kan ara wọn nínú okùn, tàbí XL4016 fúnra rẹ̀ kú ikú òjijì: 24 volt lè gba ibẹ̀ kọjá gbọrọgbọrọ. Mo fi kinní kan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Tí volt bá kọjá 21.5, á so iná méjèèjì pọ̀ lójú ẹsẹ̀, fíùsì á já. Fíùsì ló máa kú dípò laptop. Ẹ má bi mí bóyá ó pọn dandan. Ẹ bi màmá.

22. Okùn náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni àwọn olójú-kòkòrò ti máa ń jí owó. Tí gbogbo ìdènà inú okùn bá jẹ́ 0.3 ohm, tí amp 5 ń gba ibẹ̀, 1.5 volt á sọnù sójú ọ̀nà, 7.5 watt á di ooru nínú okùn. O gbé 19.5 jáde, 18 ló dé ilé. Ó ń gbóná, rọ́bà ń rọ̀, wọ́n á ní laptop ló bàjẹ́. Waya 1.5 mm ni mo lò, mítà méjì. Òfò ibẹ̀ ò tó ìdá mẹ́ta volt kan.

23. Kí n tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, mo dán an wò. Mi ò ní ẹ̀rọ ìdánwò olówó ńlá. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, mo ra gílóòbù iwájú mọ́tò méjì, 12 volt, 55 watt, mo so wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Lórí 19.5, wọ́n ń mu nǹkan bí amp 4. Mo fi wọ́n sílẹ̀ láti aago mẹ́wàá àárọ̀ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú oòrùn ọ̀sán Ọ̀wọ̀. Volt ò mì. Mo lè fi ọwọ́ lé irin tútù náà kí n sì ka ẹ̀wá. Àwọn ọmọ poly tó wá tún fóònù ṣe ń béèrè bóyá mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mọ́tò.

24. Mo gbé e lọ sí Ifọ̀n. Màmá ò wo inú rẹ̀, kò béèrè chip. Ó pe ọmọ yẹn, ó na aṣọ sí i, ó ní, "Wá nu tábìlì yìí fún mi. Nu àpótí yẹn náà, nù ún dáadáa." Ọmọ náà ń wo ojú mi, ẹ̀rù ń bà á. Mo ní, "Àbúrò, nù ún." Ó nù ún lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tiẹ̀ gbé e sókè. Màmá ki okùn bọ laptop tokunbo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, iná rẹ̀ tàn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Mi ò rò pé ó ti rẹ́rìn-ín sí tábìlì yẹn láti ọjọ́ tí laptop àkọ́kọ́ ti kú.

25. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Dell ní waya kẹta láàárín orí ṣájà rẹ̀, tí laptop fi ń béèrè pé "ta ni ìwọ?" Tí àpótí ò bá dáhùn, laptop á tan ṣùgbọ́n bátìrì lè má gba iná. Kí volt pé nìkan ò tó o. Dell ṣì ń lo ṣájà tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Owó rẹ̀ náà ju ti universal lọ. Kò tó owó pátákó laptop kan, ibẹ̀ ni mo ti ń bá àwọn èèyàn sọ ọ́.

26. Ẹ̀yin tó sì máa ra universal lọ́la, mi ò bá yín jà. Ẹ wo amp, ẹ má wo watt ńlá tí wọ́n kọ síwájú nìkan. Ẹ wá ẹni tó ní mítà, kó wọn ẹnu rẹ̀ kó tó kan laptop. Tí ẹ bá ti rí volt tó bá tiyín mu, ẹ fi téèpù lẹ kinní onítìtì yẹn pa, kó má lè rìn mọ́. Owó téèpù ò ju owó ẹ̀kọ lọ.

27. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá pè mí pé òun fẹ́ okùn méjì sí i. Mo ní kí wọ́n sọ volt tí wọ́n fẹ́ kọ sára rẹ̀, kí n lè kọ ọ́ tóbi. Ó ní òun ò fẹ́ nọ́ńbà kankan lára okùn òun. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé ó ti fi bírò kọ nǹkan sórí téèpù funfun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó wà nílẹ̀: "TÈMI." Ó ti gé méjì mìíràn sílẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀. Ọ̀kan jẹ́ "TI ÀBÚRÒ MI." Ìkejì, orúkọ ọmọ tó ń nu tábìlì ló kọ sí i. Ó ní ó ti ń kọ́ títẹ̀.